Ojú Aláwọ̀ Ewé Tí Kò Là Nínú Igbó Ìgbàgbé

Ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ní ìrù gígùn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u nísinsìnyí. Ẹni tó bá ní ọbẹ̀ lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ tán, ọbẹ̀ á jóná, ìkòkò á jóná, n kò sì ní í dúró. Èmi ni Ọdẹ́rìndé Àdìgún, ọdẹ tó yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹtu ṣubú, tí àgbọ̀nrín ṣubú, tí ẹyẹ tó ń fò lọ lókè sì sọ̀ kalẹ̀ wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Bàbá, ṣé èmi náà ti kú ni?"

Ọ̀jẹ́làbí aránṣọ, mo rí ọ o. O ń fi ẹ̀rín pamọ́ sẹ́nu bí ọ̀bọ tó jí àgbàdo kó. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, mo gbà. Ọjọ́ tí mo fi ọ̀kẹ́rẹ́ sínú àpótí tábìlì tíṣà ni èmi àti ilé ìwé pínyà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́hùn-ún, kò sí ìwé tó fẹ̀ tó o.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó mi, Àwẹ̀ró, ti lọ. Ẹ mọ̀ pé nígbà ayé rẹ̀, òun ló máa ń fi oríkì jí mi láràárọ̀. Ohùn rẹ̀ le débi pé àwọn àkùkọ àdúgbò kò kọ mọ́. Wọ́n á dúró kí Àwẹ̀ró pè mí tán kí wọ́n tó gbà pé ilẹ̀ ti mọ́. Nígbà tó lọ, ilé dákẹ́. Ẹ ò mọ bí ilé ṣe ń dákẹ́. Mo máa ń fi ṣíbí lu àwo òfìfo kí nǹkan kan ṣáà lè dún níbẹ̀.

Ọmọ wa obìnrin, Ọdẹ́bùnmi, tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílùú ńlá, wá kí mi, ó bá mi níbi tí mo ti ń lu àwo. Ó ti fi fóònù gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan rí, láìjẹ́ kí ìyá mọ̀. Ó ra kọ̀ǹpútà kékeré kan fún mi, ó sì fi ohùn náà sínú rẹ̀. Ẹ má rò pé èyí tó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n ni o. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò fẹ̀ ju páálí ìṣáná méjì lọ, irin wẹ́wẹ́ sì kún ara rẹ̀ bí ìlú tí èèrà kọ́. Ó so bátìrì mọ́ ọn, ó so ẹ̀rọ tí ohùn ń gbà jáde mọ́ ọn, ó wá pè mí jókòó.

"Bàbá mi, ẹ wò ó dáadáa. Ojú méjì ló ní. Ojú pupa yìí, ti oúnjẹ ni. Bó bá là gbọn-in, iná ń wọlé dáadáa. Bó bá ń ṣe bágebàge, ebi ń pa á. Ojú aláwọ̀ ewé yìí, ti ìrántí ni. Ṣé ẹ rí káàdì tó dà bí èékánná yìí? Gbogbo ohun tó mọ̀ pátá, inú ẹ̀ ló wà. Bí ojú aláwọ̀ ewé bá ń ṣẹ́jú, ó ń ka káàdì rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá ṣẹ́jú, kò rántí nǹkan kan, kò sì ní í jí."

"Ó jọ bàbá ẹ nìyẹn," mo ní.

"Ó sàn jù yín lọ, bàbá. Òun kì í hanrun."

Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, màá tẹ bọ́tìnnì, ojú á ṣẹ́jú, Àwẹ̀ró á sì pè mí.

Nígbà tó yá, Baálẹ̀ wa sọ ohùn rẹ̀ nù níbi tó ti ń pariwo mọ́ ewúrẹ́. Àwọn àgbà ní oyin Àpáta Olóyin nìkan ló lè la ọ̀fun rẹ̀. Igbó Ìgbàgbé ló sì dí ọ̀nà ibẹ̀. Òfin igbó yìí kò ṣòro: ẹni tí a kò bá fi oríkì jí láàárọ̀, nǹkan kan á bọ́ kúrò nínú rẹ̀. Bó bá gbàgbé ara rẹ̀ tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ta gbòǹgbò, ó di igi nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn ọdẹ àtijọ́ kì í fi í dá wọ ibẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni, tọkọtaya ni, kí ẹnì kan lè máa pe ẹnì kejì. Gbogbo ọdẹ ìlú yìí sá. Òmíràn ní inú ń run òun. Òmíràn ní ajá òun bímọ. Èmi kò ní ẹni tí mo fẹ́ mú dání, n kò sì ní ẹni tí yóò dá mi dúró. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi sápò, mo wọ igbó lọ.

Ní àlọ, ìrìn náà dùn bí ìgbà tí à ń jẹ àádùn. Láràárọ̀ ni ohùn Àwẹ̀ró ń dún láàárín àwọn igi, n kò sì gbàgbé ohunkóhun, àní mo tún ń rántí àwọn ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé Àpáta Olóyin, àwọn oyin ibẹ̀ tóbi bí àdàbà, ọba wọn sì ń fi igbá mumi. Mo hanrun sí wọn. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Mo dùbúlẹ̀, mo díbọ́n, mo fi imú fa ìhanrun kan tó jẹ́ pé wọ́n rò pé bàbá ńlá gbogbo oyin ló dé, wọ́n bá dọ̀bálẹ̀. Mo bu oyin kún akèrègbè, mo kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó wá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ, irin tó bá bá ọdẹ ṣiṣẹ́ kì í sùn lébi. Epo la fi ń bọ́ ọ. Mo fi epo pa ìbọn, mo fi epo pa àdá, mo fi epo pa ọ̀bẹ. Mo wá wo kọ̀ǹpútà. Irin ni òun náà, ó sì ti bá mi ṣiṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ṣé èmi ni mo fẹ́ wá ya ahun sí i? Mo yọ káàdì rẹ̀ bí ẹni yọ ahọ́n, mo rọ epo sí i níwájú àti lẹ́yìn, mo dá a padà. Mo ní, "Jẹ, kí o yó."

"Bàbá! Ẹ rọ epo pupa sí kọ̀ǹpútà?"

Ọ̀jẹ́làbí, pa ẹnu ẹ mọ́. Máṣíìnì tí o fi ń ránṣọ, ṣé omi ẹ̀kọ ni o ń rọ sí i?

Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tẹ bọ́tìnnì. Ojú pupa là díẹ̀, ó ṣe bágebàge bí ojú ẹni tí kò sùn. Ojú aláwọ̀ ewé kò là rárá. Mo dúró. Ohùn kankan kò jáde. Mo yọ iná, mo sinmi, mo tún fi í, bí Ọdẹ́bùnmi ti kọ́ mi pé kí n máa ṣe bó bá ṣe agídí. Kò jí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u. Mo tún bẹ̀ ẹ́ nítorí èébú náà. Igbó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, igbó sì rí i pé kò sí ẹni tó pe Ọdẹ́rìndé lónìí.

Bí mo ṣe dìde ni mo wá orúkọ bàbá mi lẹ́nu tí n kò rí i.

Mo rìn díẹ̀. Àwọn igi tí mo ti kọjá lára wọn ní àlọ láìwò wọn, mo wá wò wọ́n. Ìbọn tó ti dógùn-ún há sí ẹ̀ka kan. Àpò awọ rọ̀ mọ́ òmíràn. Igi kan tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́. Mo fi etí mọ́ ọn, mo gbọ́ tí ó ń hanrun. Ẹ jọ̀ọ́, ènìyàn lè wà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn kó má rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Mo rò ó pé ebi ló ń pa kọ̀ǹpútà mi, torí ojú pupa rẹ̀ kò gbọn-in. Níbo ni à ń rí iná nínú igbó? Mo mọ̀ ọ́n! Odò ni. Ẹ̀yin náà mọ ẹja òjìjí, tí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án, eyín ẹni a máa jó. Ìyá gbogbo òjìjí wà nínú odò igbó náà. Ó gùn láti ibí yìí dé ilé ìjọsìn, irùngbọ̀n rẹ̀ ń tan iná lábẹ́ omi. Mo kúnlẹ̀ létí odò.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ẹ fún ẹ̀rọ mi lóúnjẹ."

Ó yọ orí jáde. "Ọdẹ, ta ló rán ọ wá jí mi?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, ìyá. Èmi gan-an ni n kò rí ẹni jí mi."

Ó rẹ́rìn-ín, omi hó. Ó ní, "N kì í fi iná mi tọrẹ fún òmùgọ̀. Àlọ́ o. Kí ló kún inú ilé tí kò jẹ́ kí onílé rí ibi jókòó, síbẹ̀ tí ọwọ́ kò lè gbá a mú?"

"Àlọ́ ọmọdé nìyẹn!" mo ní. "Èéfín ni!"

"Èéfín a máa gba ojú fèrèsé jáde. Èyí kì í jáde. Bí o bá tún ṣì í, mo fẹ́ fi ọ́ dáná sun."

Ẹnu tí mo fi ń fọ́nnu wọlé. Mo jókòó sórí yanrìn, mo ń ronú. Mo rí ilé mi lójú inú mi. Mo rí àga tí kò sẹ́ni tó ń jókòó sí, tí èmi náà kò lè jókòó sí. Mo rí ìkòkò ńlá tí mo ti gbé kọ́ torí pé ìkòkò kékeré ti tó mi í jẹ.

"Ìyá," mo ní, "àìsí ẹnì kan ṣoṣo ni."

Ó na irùngbọ̀n rẹ̀ jáde, ó fi kan bátìrì mi. Èmi kò tètè yọwọ́! Irun orí mi dìde, irun àyà mi dìde, irun tí mo ti fá láti ọdún tó kọjá padà wá dìde. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ẹ̀rọ mi, ojú pupa rẹ̀ là gbọn-in bí ata rodo tó pọ́n. Mo jó. Mo jó dé inú omi. Mo wá tẹjú mọ́ ojú aláwọ̀ ewé.

Kò là.

Ìyá òjìjí wò mí, ó wò ó. "Ọdẹ, ọmọ ẹ ti jẹun yó. Kì í ṣe ebi ló ń ṣe é," ó ní, ó sì wọ inú omi lọ.

Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó pè mí. Ọ̀nà tí mo gbà wá bọ́ kúrò lórí mi. Ilẹ̀ tún mọ́, orúkọ ọmọ mi bọ́. Ilẹ̀ tún mọ́, mo mọ̀ pé ibì kan wà tí mo ń lọ, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí wọ́n ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀, tí ènìyàn máa ń lọ bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sábẹ́ igi àràbà kan, òwú rẹ̀ ń já bọ́ lé mi lórí. Ìka ẹsẹ̀ mi ń yún mi. Nígbà tí mo máa wò ó, gbòǹgbò funfun ti yọ lẹ́nu rẹ̀, ó ti ń wá ibi wọlẹ̀. Kò dùn mí. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, pé kò dùn mí. Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí itan. N kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá gbé e sílẹ̀, mo ti parí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ tí nǹkan kan ń fa imú lẹ́yìn igi. Fíìn! Fíìn! Iwin kan jáde. Ó ga, ó gbẹ, imú rẹ̀ gùn ju apá rẹ̀ lọ, ó sì ń rìn bí àlejò tí kò dá a lójú pé wọ́n pe òun.

"Má bínú," ó ní. "Ṣé o ní epo lọ́wọ́? Mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti òkè odò."

"Epo mi ti tán ní Àpáta Olóyin. Ta ni ọ́?"

"Aláìlólùpè. Kò sẹ́ni tó pè mí rí láti ìgbà tí mo ti wà, n kò sì ní ohun tí mo lè gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí igbó kò fi lè sọ mí di igi. Ìwọ ńkọ́?"

Mo la ẹnu kí n sọ orúkọ mi. Mo pa á dé.

"Háà," ó ní, "o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ mí." Ó jókòó tì mí. Imú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ, ó ń fà á. "Inú èyí ni epo wà. Níbi ẹnu rẹ̀ yìí."

"Ẹnu rẹ̀?"

"Ibi tí a ti bọ nǹkan pẹlẹbẹ kan sí. Ó rùn bí àkàrà."

Orúkọ ọmọ tó kọ́ mi ti sọnù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ́kù bí iyọ̀ nídìí àwo: ojú aláwọ̀ ewé, ti ìrántí ni, káàdì ni gbogbo ohun tó mọ̀. Mo yọ káàdì náà. Epo ti dì mọ́ ọn, ìdọ̀tí igbó sì ti dì mọ́ epo. Níbi tí àwọn irin bíńtín rẹ̀ ti yẹ kó fara kan irin inú ilé rẹ̀, epo ló dúró sáàárín wọn bí alárinà burúkú. Mo fẹ́ fi omi fọ̀ ọ́. Aláìlólùpè gbá ọwọ́ mi mú.

"Omi àti epo kì í gbọ́ra. Kí ló wà nínú ìgò ìbàdí ẹ?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Gbogbo nǹkan ni mo ti gbàgbé, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé èyí. Ògógóró ni. Ẹ̀kán tó kù nìyẹn, mo sì ti ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin ojú.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀," mo ní.

"Ìwọ ọdẹ yìí, imú mi nìyí o."

Mo yọ ọ́. Omijé bọ́ lójú mi. Mo mú òwú àràbà, mo rì í bọ ògógóró, mo fi nu káàdì náà, iwájú àti ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí à ń nu ojú ọmọ tuntun. Mo yí òwú mìíràn mọ́ ẹ̀gún, mo fi nu ihò tí káàdì ń wọ̀. Mo fẹ́ ẹ, mo jẹ́ kó gbẹ. Iwin náà jẹ́ kí n mu èyí tó kù nínú ìgò? Ó tì! Ó ní ká tún un nù lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo dá káàdì padà. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Ojú pupa là. Ojú aláwọ̀ ewé dúró. Ó tún dúró. Lẹ́yìn náà, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí eruku bọ́ sí lójú. Ó tún ṣẹ́jú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wìnìwìnì, ohùn obìnrin kan sì bú jáde tí ewé fi gbọ̀n.

"Àdìgún o! Àdìgún!"

"Mo gbọ́ o!" ni Aláìlólùpè dáhùn. Ó ti dìde. "Ó ń pè mí! Ẹnì kan ń pè mí!"

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n n kò lè bá a jiyàn. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ́ ìpè náà ló fẹ́ ni ín. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Àdìgún. Ó lè jẹ́ òun. Kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ òun?

"Àdìgún, ọmọ a-rìn-nínú-ìrì-má-tutù. Àdìgún, ọmọ ẹtu-rí-i-ó-gbàgbé-ẹsẹ̀. Dìde, ojúmọ́ ti mọ́."

"Mo ti dìde o!" ni iwin ń wí, omijé ń ṣàn gba imú gígùn rẹ̀. "Ẹ ṣeun! Mo ti dìde!"

Ohùn náà sinmi díẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́, bí ẹni tó sún mọ́ etí ẹni:

"Àdìgún, gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò lórí ìró mi jàre. Ojoojúmọ́ ayé yìí!"

Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi fa ara rẹ̀ sẹ́yìn.

N kò rán an níṣẹ́. Fúnra rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé obìnrin náà níyàwó ni ẹsẹ̀ yìí ti ń gun ìró rẹ̀ lójú oorun, tí ó sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu ju orí mi lọ. Gbòǹgbò tó ti wọlẹ̀ já fàì. Ìrora náà dé, mo ké, gbogbo rẹ̀ sì padà wọlé wọ̀ọ̀: bàbá mi Ọdẹ́yalé, ọmọ mi Ọdẹ́bùnmi, ilé mi, àwo òfìfo, Àwẹ̀ró.

"Èmi ni," mo ní. "Àwẹ̀ró, èmi ni. Mo ti jí o."

Ẹ̀rọ náà ti dákẹ́. Ibi tí ohùn rẹ̀ pin sí nìyẹn.

Aláìlólùpè wo ẹsẹ̀ mi. Ó wo ti ara rẹ̀ tí kò mira. Ó jókòó padà díẹ̀díẹ̀. "Ìwọ ló ń pè," ó ní. "Mo rò pé... Má dá mi lóhùn."

Ẹ ti mọ̀ mí. Irọ́ kì í wọ́n mi, yẹ̀yẹ́ kì í wọ́n mi. Lọ́jọ́ náà, n kò rí yẹ̀yẹ́ kankan ṣe. Mo ní, "Gbọ́. Ṣebí bí mo ṣe ń lọ lọ́nà ni mo kàn ọ́? Àkàngbé lorúkọ ẹ láti òní lọ." Mo dìde, mo fi gbogbo ọ̀fun mi pè é: "Àkàngbé o! Àkàngbé, ọmọ a-gbóòórùn-epo-láti-òkè-odò. Àkàngbé, onímú-tí-í-rí-ohun-tí-ojú-ò-rí. Dìde, ojúmọ́ ti mọ́!"

Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ rán níṣẹ́. "Mo gbọ́ o."

Kò lè jáde kúrò nínú igbó. Ó sìn mí dé ibi tó lè sìn mí dé, ó wá bi mí léèrè pé, "Ta ni yóò pè mí lọ́la?" Ẹ sì mọ̀ pé nísinsìnyí tó ti ní orúkọ, òun náà ti ní ohun tó lè gbàgbé. Èmi ni mo fún un. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ohùn Ọdẹ́rìndé máa ń gun òkè méje kó tó mí. Mo ń rìn lọ, mò ń pè é, ó ń dáhùn. Mò ń pè é, ó ń dáhùn, ìdáhùn náà ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn aláǹtakùn, títí tó fi di pé mò ń pè, mo sì dúró, ewé nìkan ni mo gbọ́.

Baálẹ̀ lá oyin, ó ti padà sídìí ewúrẹ́ rẹ̀, gbogbo yín ń gbọ́ ọ. Ó tó. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín, ẹni tó bá ní ẹni tí yóò jí lọ́la kó tètè lọ sùn. Ọ̀jẹ́làbí, mo mọ̀ pé ìwọ lo ń sọ fáráyé pé orí Ọdẹ́rìndé ti dàrú, pé bí Àwẹ̀ró bá ti pè é tán láàárọ̀, ó máa ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ kígbe orúkọ ẹnì kan sí igbó. Òótọ́ lo sọ. N kò gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ rí láti ọjọ́ náà. Igbó jìn. Àwẹ̀ró náà kò gbọ́ ìdáhùn mi rí, kò sì tíì yé pè mí.